Àwọn Tó Jókòó Sílé: Bí Ìbò Ṣe Yí Padà ní Starr County, Texas

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, torí inú wọn ni ọ̀rọ̀ mi òní wà. Lọ́dún 2016, ní Starr County ní gúúsù Texas, Hillary Clinton ti ẹgbẹ́ Democrat rí ìbò bíi 9,300 nínú ìdìbò ààrẹ, Donald Trump ti ẹgbẹ́ Republican sì rí bíi 2,200. Lọ́dún 2020, Joe Biden ti Democrat rí bíi 9,100, ti Trump lé ní 8,200. Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ohun tó yọ lára ìbò Democrat kò tó igba. Ti Trump fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ nígbà náà ni pé àwọn ará Starr ti sá kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn bá kó kúrò nínú ilé kan, ilé náà á ṣófo. Ilé Democrat kò ṣófo lọ́dún yẹn. Lóòótọ́, àwọn kan á ti kọjá sí òdìkejì, àwọn mìíràn á sì ti wá dí àyè wọn. Nọ́ńbà kì í fi ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í dìbò tẹ́lẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ béèrè.

Ìpele ìjọba tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ ni county lọ́hùn-ún, ó jọ ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Etí odò Rio Grande ni Starr wà; ẹni tó bá dúró ní ìlú Roma ń wo Mẹ́síkò ní òdìkejì omi. Ètò ìkànìyàn 2020 ka èèyàn tó lé ní 65,000 níbẹ̀, ìran Látìnì sì ni èyí tó pọ̀ jù lọ pátápátá nínú wọn. Láti 1896 títí kan 2020, ẹgbẹ́ Republican kò borí níbẹ̀ rí nínú ìdìbò ààrẹ.

Kí ló dè wọ́n mọ́ Democrat tó bẹ́ẹ̀? Bàbá ìsàlẹ̀ ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Láyé àtijọ́, àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá ẹgbẹ́ mọ̀ ní agbègbè yẹn: búlúù àti pupa. Ìdílé Guerra di alágbára nínú òṣèlú Starr lábẹ́ Democrat, ẹni tó bá sì ń wá iṣẹ́ tàbí ìrànlọ́wọ́ mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó lọ. Ìdíje náà gbóná débi pé wọ́n pa Adájọ́ Stanley Welch ní Rio Grande City nígbà ìdìbò 1906.

Ìdáhùn kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Lẹ́yìn tí ayé àwọn bàbá ìsàlẹ̀ yẹn kọjá, ìdìbò abẹ́lé Democrat ni wọ́n ṣì ti ń mú sheriff, ìyẹn olórí ọlọ́pàá county, tí wọ́n ti ń mú olórí county. Ẹni tó bá borí níbẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Texas kì í béèrè ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ìdìbò abẹ́lé tó bá wù ọ́ lo máa lọ. Bí ọmọ àbúrò ìyá rẹ bá ń du ipò sheriff, ibẹ̀ lo máa lọ, ì báà jẹ́ pé o ò gba ti Democrat lókè rárá. Bí wọ́n ṣe ń ka èèyàn mọ́ Democrat nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè ẹni tó fẹ́ kó jẹ ààrẹ.

Títí di 2018, ẹni tó ń dìbò ní Texas lè tẹ ojú kan ṣoṣo, kí gbogbo ìbò rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ kan láti òkè délẹ̀. Ìdìbò 2020 ni ìdìbò ààrẹ àkọ́kọ́ láìsí àǹfààní yẹn. Wọ́n ní láti yan ẹni tí wọ́n fẹ́ sí ipò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni àrùn kòrónà dé. Kónílé-ó-gbélé sé iṣẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, orúkọ Trump sì wà lára ṣẹ́ẹ̀kì ìrànwọ́ tí ìjọba fi ránṣẹ́. Biden sọ lórí tẹlifíṣàn pé òun fẹ́ kí Amẹ́ríkà máa kúrò nídìí epo rọ̀bì díẹ̀díẹ̀. Ní gúúsù Texas, iṣẹ́ epo àti iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè wà lára iṣẹ́ tí ẹni tí kò lọ yunifásítì lè fi kọ́lé. Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní dùn?

Ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ àti epo ọkọ̀ ló parí rẹ̀. Lọ́dún 2024, Trump gba ìdá bíi 58 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò Starr. Ìbò Kamala Harris, tí Democrat fà kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yẹn, kò tó ti Biden. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn kan ti kó kúrò nínú ilé lóòótọ́.

Ẹnìkan bi mí bóyá Starr ti di ti Republican. Mo ní kó wo ìsàlẹ̀ ìwé ìdìbò náà. Lọ́jọ́ tí Trump borí níbẹ̀ yẹn gan-an, Henry Cuellar, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat tí agbègbè ìdìbò rẹ̀ kó gbogbo Starr mọ́ra, tún wọlé padà sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington.