Ta Ló Fẹ́ Bá Akọgun Ọba Jà?

Ọjọ́ 19 oṣù Keje, ọdún 1821, ní London. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé George Kẹrin ládé tán ni. Ó ti wá jókòó sídìí àsè ní Westminster Hall, àwọn ìjòyè rẹ̀ wà lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ti gbé oúnjẹ àkọ́kọ́ wá, èyí tó máa tẹ̀ lé e kò tíì dé. Ni fèrè bá dún, ni ilẹ̀kùn ńlá bá ṣí, ni ẹṣin mẹ́ta bá wọlé tọ ọba wá nídìí oúnjẹ. Inú ilé mà ni o!

Ọ̀gágun Wellington tó ṣẹ́gun Napoleon ní Waterloo ló wà lórí ọ̀kan. Olóyè Howard ti Effingham wà lórí òmíràn. Ẹni tó wà láàárín wọn, ọmọ ogún ọdún péré ni, ó wọ ẹ̀wù irin látòkè délẹ̀. Henry Dymoke lorúkọ rẹ̀. Akéde kan gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ sókè ketekete pé ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọlọ́lá, ì báà jẹ́ mẹ̀kúnnù, tó bá ní George kọ́ ló ni adé yìí, òpùrọ́ ni, ọ̀dàlẹ̀ sì ni. Akọgun ọba rèé, ó ti múra tán láti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ jà á, ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n dá. Bí akéde ti dákẹ́, Henry bọ́ ìbọ̀wọ́ irin ọwọ́ rẹ̀, ó là á mọ́lẹ̀. Gbàlà!

Kò sẹ́ni tó mira. Wọ́n bá a ṣa ìbọ̀wọ́ náà, wọ́n sún síwájú dé àárín gbọ̀ngàn, wọ́n tún ìpè náà pè, ó tún là á mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó di ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ìtẹ́ ọba. Ni ọba bá gbé ife wúrà, ó mu sí i, ó sì ní kí wọ́n gbé ife náà fún un. Ọmọkùnrin yìí mu tirẹ̀. Ife ti di tirẹ̀ nìyẹn, ó ń gbé e lọ sílé.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa. King's Champion ni orúkọ oyè yìí nílé ọba Gẹ̀ẹ́sì. Akọgun Ọba ni n ó máa pè é. Ìdílé kan ṣoṣo ló ti ń jẹ ẹ́ láti ọdún 1377 títí di òní yìí, ìyẹn sì ju ẹgbẹ̀ta ọdún lọ dáadáa. Àwọn àgbà ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Ìdílé Dymoke ní tiwọn gba orúkọ, wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n gba ife wúrà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnìkan tó jẹ́ ìpè yẹn débi tí ìjà fi wáyé.

Báwo ló ṣe dọ́wọ́ wọn? Ilẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọba lè fún ọ ní ilẹ̀ kó má gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí o máa ṣe fún un lọ́jọ́ ìwúyè. Ẹni tó ni ilẹ̀ Worksop ló ń mú ìbọ̀wọ́ wá fún ọwọ́ ọ̀tún ọba. Ẹni tó ni ilẹ̀ Addington, ọbẹ̀ ni tirẹ̀. Dillegrout ni wọ́n ń pè é, ó gbọ́dọ̀ gbé e síwájú ọba nídìí àsè. Oyè Akọgun wà lára ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Scrivelsby, nítòsí ìlú Horncastle ní Lincolnshire. Ìyẹn ló fi yàtọ̀ díẹ̀ sí oyè ìdílé tiwa: ẹni tí ilẹ̀ bá já mọ́ lọ́wọ́ loyè já mọ́ lọ́wọ́.

Ìdílé Marmion, àwọn tó wá láti Normandy, ló ni ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Philip Marmion kú lọ́dún 1291, kò sì fi ọmọkùnrin tó lè jogún rẹ̀ sílẹ̀. Ni wọ́n bá pín ogún fún àwọn ọmọbìnrin: ilé olódi Tamworth lọ síbì kan, Scrivelsby lọ síbòmíràn. Nígbà tó fi máa di 1377, tí Richard Kejì, ọmọ ọdún mẹ́wàá, fẹ́ gbadé, ọ̀rọ̀ ti di fà-á-ká-ja-á. Baldwin de Freville ní òun ni Akọgun nítorí Tamworth wà lọ́wọ́ òun. John Dymoke ní rárá o, ìyàwó òun Margaret ló ni Scrivelsby. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ìwúyè dá Dymoke láre.

Inú Dymoke dùn débi pé kò lè dúró. Ó gun ẹṣin, ó di ìhámọ́ra, ó wá síwájú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Westminster nígbà tí ìsìn ṣì ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ní kó lọ ní sùúrù, ó dìgbà oúnjẹ. Láti ìgbà náà ló ti di ti ìdí àsè.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Wọ́n ti ta òróró sọ́ba lórí, wọ́n ti dé e ládé, ẹran ti wà lẹ́nu gbogbo olóyè, ìgbà yẹn ni wọ́n wá ń béèrè bóyá ẹnìkan ní àwíjàre. Ta ló fẹ́ dìde? Èmi ò rò pé eré lásán ni látìbẹ̀rẹ̀ ṣá o. Lọ́dún 1399, Henry Kẹrin gbadé lẹ́yìn tó fi agbára yọ Richard kúrò lórí ìtẹ́, Richard sì wà láàyè nínú àhámọ́ lọ́jọ́ náà. Thomas Dymoke, ọmọ John, wọlé ó pe ìpè rẹ̀. Adam ti Usk tó kọ ìtàn ìwúyè náà sílẹ̀ ní ọba fèsì pé bó bá di kàráǹgídá, òun fúnra òun yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Thomas. Ọkùnrin yẹn mọ bí òun ṣe dé orí ìtẹ́.

Ti Robert Dymoke ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Edward Kẹrin ti bẹ́ bàbá rẹ̀ lórí lọ́dún 1470 lórí ọ̀tẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 1483, Robert gun ẹṣin wọ Westminster Hall, ó ní òun máa bá ẹnikẹ́ni tó bá ní Richard Kẹta kọ́ ló ni adé jà dójú ikú. Ó dára. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹnìkan ní Richard kọ́ ló ni ín lóòótọ́: Henry Tudor. Ó kó ogun dé, wọ́n sì pa Richard ní pápá Bosworth ní oṣù Kẹjọ ọdún 1485. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Henry gbadé. Ta ló gun ẹṣin wọlé láti pe gbogbo ayé níjà lórúkọ rẹ̀? Robert Dymoke yìí kan náà! Ó tún ṣe é fún Henry Kẹjọ lọ́dún 1509. Edward ọmọ rẹ̀ ṣe é fún Edward Kẹfà tó jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì, ó ṣe é fún Mary tó jẹ́ Kátólíìkì, ó tún ṣe é fún Elizabeth tó dá ìjọ padà sọ́wọ́ Pùròtẹ́sítáǹtì. Ẹni tí adé bá ṣáà ti wà lórí rẹ̀ ni tiwọn. Ẹ má bínú sí wọn: ẹni tó bá kọ̀ láti ṣe é, ilẹ̀ Scrivelsby ló fẹ́ fi tàfàlà.

Lọ́dún 1661, Samuel Pepys wà nínú gbọ̀ngàn náà nígbà ìwúyè Charles Kejì, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé ìrántí rẹ̀: ìbọ̀wọ́ tí wọ́n là mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta àti ife wúrà tí Akọgun gbé jáde lọ́wọ́. Inú gbọ̀ngàn yẹn gan-an ni wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún bàbá Charles lọ́dún 1649.

Lẹ́yìn náà ló wá di àwàdà. Ní ìwúyè George Kẹta lọ́dún 1761, Olóyè Talbot tó ń bójú tó àsè fi ọ̀pọ̀ àkókò kọ́ ẹṣin rẹ̀ láti máa fẹ̀yìn rìn, kó má baà kẹ̀yìn sọ́ba nígbà tó bá ń jáde. Ẹṣin gbọ́ ẹ̀kọ́ náà jù. Ìdí ló kọ́kọ́ gbé wọlé, ó ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ lọ́dọ̀ ọba, àwọn èrò sì ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n tún ń sọ ọ́ kiri lẹ́yìn náà pé ẹnìkan ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ láti jẹ́ ìpè Akọgun lórúkọ ìdílé Stuart, ìdílé ọba àtijọ́ tí wọ́n ti lé kúrò lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n àhesọ ni mo kà á sí.

Bóyá torí ti Talbot ni wọn kò fi fi ti 1821 ṣeré. Bàbá Henry tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni oyè kàn gan-an, ṣùgbọ́n àlùfáà ìjọ ni. Kò dáa kí ẹni Ọlọ́run máa pè èèyàn níjà, ló bá ran ọmọ rẹ̀. Ẹṣin wá ńkọ́? Ilé eré Astley's ni wọ́n ti lọ yá a, níbi tí ẹṣin ti máa ń dárà fún èrò ìwòran. Ariwo àti iná kì í bà á lẹ́rù, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn rìn nígbà tó yẹ.

Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn. Owó ìwúyè George Kẹrin lé ní 200,000 pọ́n-ùn. Nígbà tó kan William Kẹrin lọ́dún 1831, ó ní àsè kò sí. Àsè kò sí, ẹṣin kò ní ibi tó máa wọ̀. Victoria náà kò dá a padà lọ́dún 1838, àmọ́ ó fi Henry jẹ oyè baronet, oyè ọlá tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ bàbá, lọ́dún 1841.

Àwọn Dymoke kò dákẹ́ ṣá. Lọ́dún 1902, nígbà ìwúyè Edward Keje, wọ́n ní kí Frank Dymoke máa gbé àsíá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò ìjà. Lọ́dún 1953, John Dymoke gbé àsíá Ìjọba Aṣọ̀kan níwájú Elizabeth Kejì. Wọ́n ti wó ilé ńlá Scrivelsby lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ilé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni ìdílé náà wá ń gbé. Nígbà tí ti Charles Kẹta dé, Francis Dymoke, àgbẹ̀ tó ń dá oko lórí ilẹ̀ náà, kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ìjọba dá sílẹ̀ láti gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ yìí, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá wo ìwúyè náà lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, òun ni ọkùnrin tó gbé àsíá ọba wọ Westminster Abbey.