Ta Ló Ni Ọjà Náà Lẹ́yìn Tí A Bá Tà Á? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ọrọ̀ Ajé Alátùnlò ní Ilé-Iṣẹ́ Orílẹ̀-Èdè Tó Ń Gòkè Àgbà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá dárúkọ ọrọ̀ ajé alátùnlò, ìyẹn ètò tí ọjà fi ń pẹ́ lò, tí a sì ń tún un lò dípò kí á sọ ọ́ nù, orí ààtàn ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ: kí á ṣa ike, kí á yọ́ irin, kí á sọ pàǹtí di owó. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò lónìí, inú àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ bá oníbàárà rẹ̀ ṣe ló sì wà: ta ló ni ọjà náà lẹ́yìn tó bá ti jáde kúrò ní ilé-iṣẹ́, ta sì ni yóò pàdánù bó bá tètè bàjẹ́?

Ẹni tó ń ta ọjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í kábàámọ̀ pé ọjà náà tètè gbó, nítorí pé oníbàárà yóò padà wá ra òmíràn. Ti ẹni tó fi ọjà háyà yàtọ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Xerox ti Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ fótókọ́pì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 914 jáde ní ọdún 1959, owó rẹ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì lè san lẹ́ẹ̀kan lọ, wọ́n sì fi ń háyà ní dọ́là 95 lóṣù, pẹ̀lú àǹfààní láti tẹ ìwé 2,000 láìsan kọ́bọ̀ kún un. Nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà ló ṣì ni ẹ̀rọ, òun ni àtúnṣe wà lọ́rùn rẹ̀, gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá sì fi dákẹ́, òun ló ń pàdánù. Èrè ni wọ́n ń lé, kì í ṣe pé wọ́n ń ro ti àyíká, síbẹ̀ àdéhùn yẹn ló mú kó pọn dandan fún wọn láti fẹ́ ẹ̀rọ tó ń pẹ́ lò, tó sì rọrùn láti tú palẹ̀.

Kò yẹ kí á rò pé irú ìmọ̀ yìí ṣàjèjì sí ilẹ̀ tó ń gòkè àgbà. Mo ti jókòó ti ọkùnrin kan tó ń tún wáyà mọ́tò iná wé, ìyẹn ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń mú yí, kì í ṣe ọkọ̀. Kó tó tú wáyà kọ́pà tó ti jó dànù, ó ka ìyípo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wọn bó ṣe nípọn tó, ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tí epo ti rin, ó sì wé tuntun sí i ní iye kan náà gẹ́lẹ́. Wáyà àtijọ́ kò dé ààtàn, inú àpò ló kó o sí fún àwọn tó ń yọ́ kọ́pà. Lẹ́yìn náà ló gbé mọ́tò mìíràn fún mi, èyí tí wọ́n jó ìdérí rẹ̀ pa pátápátá láìsí nọ́ọ̀tì kankan tí ènìyàn lè tú. Ó ní, “Èyí tẹ́ ẹ ń wò yìí, wọn ò fẹ́ kí n ṣí i ni.” Ọwọ́ tó mọ àtúnṣe kò wọ́n wa, ọjà tó gba àtúnṣe ló ń di ọ̀wọ́n. Lóòótọ́, yíyọ́ dára: álúmíníọ̀mù tí a tún yọ́ kì í gbà ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí à bá fi yọ tuntun láti inú òkúta lọ. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí a tún wé kò nílò kí á yọ́ ara rẹ̀ rárá.

Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nínú ọjà òde òní, ẹlòmíràn ló ń ru igbá náà. Ní ọdún 2022, tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 62 ni ohun èlò oníná tó di pàǹtí ní àgbáyé, ìdá 22.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni àkọsílẹ̀ sì wà pé wọ́n kó, tí wọ́n sì tún lò bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ kí á ṣọ́ra níbí, nítorí pé kì í ṣe gbogbo àtúnlò ló jẹ́ ire. Ẹni tó bá fi àáké la bátìrì ọkọ̀ ní ìta gbangba, tó da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀, tó sì yọ́ òjé inú rẹ̀ lórí iná lásán, àtúnlò ló ń ṣe, ṣùgbọ́n èéfín òjé yẹn ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé àdúgbò jẹ́. Òfin tó bá di ẹrù bátìrì tó ti kú lé ẹni tó ṣe é tàbí ẹni tó kó o wọlé lórí gbọ́dọ̀ rí i pé wọ́n san owó tó tó fún ẹni tó kó o padà wá ní odidi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni tó ń là á ní ìta ni yóò máa rí i rà.

Ọ̀nà kan wà tí kò ní kí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ yí ọjà rẹ̀ padà: kí ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan di ohun èlò fún òmíràn. Ní Kalundborg ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, omi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ọdún 1961, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo fẹ́ omi adágún Tissø kí wọ́n má baà máa fa omi abẹ́ ilẹ̀ tán. Ní ọdún 1972, gáàsì tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo yìí kò nílò di ohun tí ilé-iṣẹ́ pátákó ògiri fi ń gbẹ pátákó rẹ̀. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ amúnáwá ibẹ̀ ń ta ooru tó ṣẹ́kù fún àwọn aládùúgbò rẹ̀, gypsum, ìyẹn ohun funfun tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ògiri, tó sì rí níbi tó ti ń fọ imí ọjọ́ kúrò nínú èéfín rẹ̀ lọ bá oníṣẹ́ pátákó. Kò sí ìjọba tó jókòó ya àwòrán gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àdéhùn ẹni méjì-méjì ni, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rí èrè nínú rẹ̀. Mauritius náà ti pẹ́ tó ń fi ìrèké tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán dá iná mànàmáná, ilé-iṣẹ́ ṣúgà sì ń tà á fún ìlú.

Òfin ṣe pàtàkì, Ṣáínà pàápàá ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé alátùnlò, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2009. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, owó ló ń dá ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa dúró. Ẹni tó ta ẹ̀rọ gba owó rẹ̀ lónìí; ẹni tó fi í háyà yóò máa gbà á díẹ̀díẹ̀ fún ọdún márùn-ún, nígbà tí báǹkì ń béèrè owó rẹ̀ láàárín ọdún kan pẹ̀lú èlé gọbọi. Ìdí nìyí tí n kò fi ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi gbogbo ọjà rẹ̀ háyà lẹ́ẹ̀kan náà. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ń lò, irú bíi mọ́tò, pọ́ńpù àti jẹnẹrétọ̀, nítorí pé oníbàárà wọn kò pọ̀, ibi tí ẹ̀rọ wà kò ṣòro láti mọ̀, oníbàárà sì mọ iye tí ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ kò bá ṣiṣẹ́ ń ná òun. Kí báǹkì náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àdéhùn háyà tí oníbàárà méjì tàbí mẹ́ta ti fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró fún owó yíyá, dípò kí wọ́n máa béèrè ìwé ilẹ̀ nìkan lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ.