Ibo Gan-an Ni Àbájáde Kúẹ̀rì Yín Ti Bàjẹ́?

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Kàbà, Ìsánlú, Mọpà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Ẹni tó bá ń tọ́jú àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà la bá wí lónìí, ì báà jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kajú, ì báà jẹ́ ti ilé ìwé.

Ẹ gbà pé ẹ kọ kúẹ̀rì, ìyẹn ìbéèrè tí a ń bi dátábéèsì (àkójọ àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà), pé kí MySQL, ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì, kó orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jáde. Ó kó o jáde lóòótọ́, ìlà lọ súà. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ẹ ti rí lẹ́tà ẹ, "áº¹" lẹ rí. Níbòmíràn, àmì ìbéèrè lásán. Ọ̀pọ̀ èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í tún orúkọ tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣé inú dátábéèsì fúnra rẹ̀ ló ti bàjẹ́, ṣé ojú ọ̀nà ni, àbí inú ètò tí ẹ fi ṣí i?

Ẹ mú ìlà kan ṣoṣo nínú èyí tó bàjẹ́, kí ẹ fi àṣẹ HEX wo bááìtì rẹ̀, ìyẹn àwọn ègé kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Nínú UTF-8, ìlànà ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tó gba lẹ́tà Yorùbá, bááìtì mẹ́ta ni lẹ́tà ẹ: E1 BA B9. Bí ẹ bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ́ẹ̀, tí òpó tí orúkọ wà sì jẹ́ utf8mb4 (orúkọ tí MySQL ń pe UTF-8 tó pé), dátábéèsì ò jẹ̀bi. Ìsopọ̀ tó ń gbé e wá, tàbí ètò tí ẹ fi ṣí i, ló ń lo latin1, ìlànà àtijọ́ tí kò ní lẹ́tà ẹ. Ẹ yí ìsopọ̀ náà sí utf8mb4, kí ẹ yí ètò náà sí UTF-8, kí ẹ tún kúẹ̀rì náà ṣe. Bó bá jẹ́ C3 A1 C2 BA C2 B9 lẹ rí ńkọ́? Ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ ló ti bàjẹ́, wọ́n yí i padà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí ṣì ṣeé tún ṣe, lórí àdàkọ ni o, kì í ṣe lórí ojúlówó. Bó bá wá jẹ́ 3F, lẹ́tà náà ti lọ nìyẹn. Kò sí ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tó lè dá a padà. Ẹ lọ wá fọ́ọ̀mù tí wọ́n fọwọ́ kọ. Orúkọ tiwa ló máa ń kọ́kọ́ jẹ irú ìyà yìí, torí "John" rí bákan náà nínú latin1 àti UTF-8.

Bí lẹ́tà bá pé ṣùgbọ́n tí ìlà dín, ẹ fi àṣẹ COUNT ka iye tó wà nínú dátábéèsì ná. Bó bá jẹ́ Excel lẹ kó o lọ, ewé kan rẹ̀ kò gbà ju ìlà 1,048,576 lọ. Èyí tó bá lé kò ní wọlé. Ó tún máa ń gé òdo iwájú nọ́ńbà fóònù, kí 080 di 80. GROUP_CONCAT, àṣẹ MySQL tó ń so ọ̀pọ̀ ìlà pọ̀ di ọ̀kan, náà ń dúró ní bááìtì 1024 àyàfi tí ẹ bá fi kún un, bẹ́ẹ̀ orúkọ tó ní àmì ohùn ń tètè jẹ bááìtì.

Ẹni tó bá sì ń fi LIMIT àti OFFSET kó o ní ìdì-ìdì láìsí ORDER BY tó ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ, orúkọ kan lè jáde lẹ́ẹ̀mejì kí òmíràn má jáde rárá. Irú èyí ló ń dájà sílẹ̀ nípàdé, tí akápò á máa búra pé òun ò jí nǹkan kan.

Èyí tí iná tó lọ lójijì bá bà jẹ́ yàtọ̀. MyISAM, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí MySQL ń gbà tọ́jú àkọsílẹ̀, kì í fara dà á. InnoDB, ọ̀nà mìíràn, máa ń gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ ṣe bó bá tún gbéra. Ẹ fi àṣẹ CHECK TABLE yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ní ó bàjẹ́, ẹ má kọ nǹkan kan sí i mọ́. Ẹ kó gbogbo fáìlì rẹ̀ sórí dísíìkì mìíràn kí ẹ tó gbìyànjú àtúnṣe, kí ẹ sì ṣí báàkọ́ọ̀pù yín, ìyẹn àdàkọ tí ẹ ti fi pamọ́, lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ rí i pé ó ń ṣí.