Máa Lọ, Máa Bọ̀: Ẹjọ́ Ìwé Àṣẹ Ìbọn ní Amẹ́ríkà

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá ti lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba rí mọ "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀". Wọn ò lé ọ, wọn ò sì dá ọ lóhùn. Irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ti di ẹjọ́ ńlá ní Amẹ́ríkà, lórí ìwé àṣẹ ìbọn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bruen. Òfin New York ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn ìléwọ́ jáde kọ́kọ́ fi hàn pé ìdí tòun yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án fagi lé e, torí òfin àgbà Amẹ́ríkà fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ìbọn. Ariwo ìyẹn la gbọ́. Àmọ́ àlàyé kẹsàn-án ní ìsàlẹ̀ ìwé ìdájọ́ náà ló gbà mí lọ́kàn. Ó ní àwọn ìpínlẹ̀ ṣì lè máa béèrè ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n bí ìdúró bá gùn jù, tàbí owó rẹ̀ bá wọ́n jù, èèyàn lè pẹjọ́. Báwo ló ṣe máa gùn tó? Wọn ò sọ.

Ẹ wò ó, bí ọ̀gá ọlọ́pàá bá kọ̀ fún ọ, o ti rí nǹkan gbé lọ síwájú adájọ́. Bó bá dákẹ́ ńkọ́? Ohun tí lọ́yà máa ń béèrè ni kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kó fèsì, ìbáà ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wàyí o, ọgbọ́n kan wà tó máa ń bí mi nínú: bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá ti dé, ìwé àṣẹ tó ti sọnù látọjọ́ yìí lè jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, lọ́yà ìjọba á wá ní kò sẹ́jọ́ mọ́. Àwọn tí wọn ò lówó lọ́yà ṣì wà lórí ìlà.

Ní oṣù kẹjọ 2024, ilé ẹjọ́ méjì sọ̀rọ̀. Ní Maryland, níbi tí òfin 2013 ti fàyè gba ọjọ́ 30 kéèyàn tó gba ìwé tí yóò fi ra ìbọn ìléwọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìyẹn ò burú. Ní Los Angeles, adájọ́ mìíràn rí àwọn tó ti ń dúró de ìwé àṣẹ àtigbé ìbọn jáde kọjá oṣù 18, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Láàárín ọjọ́ 30 sí oṣù 18, igbó ni o.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2025, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ gbé ọ́fíìsì ṣẹ́rìfù Los Angeles, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń fúnni níwèé àṣẹ níbẹ̀, lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀sùn wọn ni pé láàárín oṣù kìíní 2024 sí oṣù kẹta 2025, nínú 3,982 ìwé ìbéèrè tuntun, méjì péré ni wọ́n fọwọ́ sí.

Ẹnìkan bi mí pé bí òṣìṣẹ́ ò bá tó ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìbọn là ń sọ, ẹni tó ń yẹ ìtẹ̀ka àti ìwà wò kò gbọdọ̀ kánjú. Èmi náà ò fẹ́ kó kánjú. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ní, bí a bá pín in dọ́gba, ọjọ́ 281 ni ìwé fi ń wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀, nígbà tí òfin California sì fún wọn ní ọjọ́ 90 láti fún èèyàn ní èsì àkọ́kọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwádìí kọ́ ló ń gba àkókò yẹn. Fáìlì tí kò sẹ́ni tó ṣí i ni.