Ọmọ Tó Forí Gbá, Tó sì Dìde: Ẹ Má Tíì Gbójú Kúrò Lára Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbógun tì: "Orí ọmọdé le, ṣebí ó ti dìde?" Wọ́n ń sọ ọ́ nídìí igi máńgòrò, wọ́n ń sọ ọ́ níbi tí ọ̀kadà ti gbé ọmọ mẹ́ta ṣubú. Ọ̀rọ̀ yẹn ti sin ọmọ. Orí ọmọdé kò le. Eegun agbárí rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti àgbà lọ, orí rẹ̀ tóbi ju bí ara rẹ̀ ṣe mọ, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì lágbára láti gbé e dúró.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan gba abẹ́ eegun ẹ̀bátí kọjá. Bí eegun náà bá sán, iṣan yẹn lè ya, kí ẹ̀jẹ̀ máa jò sáàárín eegun àti awọ tó bo ọpọlọ. Agbárí kì í fẹ̀ sí i fún ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ ló máa ń fún. Ọmọ lè sọ̀rọ̀, kó jẹun, kó ṣeré fún wákàtí mélòó kan kó tó dákú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó forí gbá ni nǹkan kan kò ní ṣe, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ ọ fún wákàtí 24, kí ẹ má sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ rárá ní wákàtí 6 àkọ́kọ́.

Bó bá ń bì léraléra, tí ẹ̀fọ́rí ń le sí i, tí gìrì mú un, tí ọmọlójú kan tóbi ju èkejì, tí omi mímọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú tàbí etí, tí apá kan ara rẹ̀ rọ, tàbí tí ẹ jí i tí kò jí, ilé ìwòsàn ni. Ó lè sùn o. Ẹ ṣáà máa fọwọ́ kàn án, ó yẹ kó mira. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 bá já láti ibi tó ga ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ, ẹ gbé e lọ bí kò tilẹ̀ sí àmì kankan.

Ẹ má fi alùbọ́sà sí i lójú, ẹ má rọ àgbo sí ẹnu ẹni tó dákú: ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà á. Ẹ má sì fi í sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Ọrùn tó ti ṣèṣe kò gbọdọ̀ máa jì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ló kàn, àmọ́ olùkọ́ kan nawọ́: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ kan forí gbá nígbà ìsinmi. Ó ti padà sí kíláàsì, kì í rántí nǹkan mọ́, ìbínú sì pọ̀ lára rẹ̀. Ṣé kí á nà án ni?"

Ẹ má nà án, mà. Ìbéèrè yín ju ohun tí mo fẹ́ sọ lọ. Òṣùwọ̀n Glasgow, tí àwa dókítà fi ń wọn bí aláìsàn ṣe jí sáyé sí láti 1974, máa ń fún un ní 3 sí 15; ẹni tó gba 13 sí 15 la ń sọ pé tirẹ̀ fúyẹ́. Bí ọmọ ṣe jí sáyé sí lọ́jọ́ náà nìkan ló wọ̀n, kò wọn bí yóò ṣe kàwé. Iwájú ọpọlọ ló ń mú ká ní sùúrù, ká fiyè sí nǹkan, ó sì ń dàgbà kọjá ogún ọdún. Èyí tó fara pa lọ́mọ ọdún 7 lè má hàn àfi ní ọdún 11, nígbà tí iṣẹ́ kíláàsì bá le. Nígbà yẹn, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni.

Kó sinmi nílé fún wákàtí 24 sí 48, kó wá padà díẹ̀díẹ̀, ìlàjì ọjọ́ ná. Ẹ fi í sí iwájú, ẹ sọ ohun kan ṣoṣo fún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó sinmi bí ẹ̀fọ́rí bá dé. Kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù títí àmì gbogbo yóò fi lọ tí dókítà yóò sì fọwọ́ sí i, torí bó bá tún forí gbá kí èkíní tó san, ó lè burú jáì. Kí ẹ sì kọ ìjàm̀bá náà sínú fáìlì rẹ̀, kí olùkọ́ ọdún tó ń bọ̀ lè rí i.

Àkókò ti tán. Ẹ má mi ọmọ ọwọ́ jìgìjìgì nítorí ẹkún. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí rẹ̀ lè já. Akoto ọmọ gbọ́dọ̀ bá orí rẹ̀ mu, kó bo iwájú orí, kí okùn rẹ̀ sì há lábẹ́ àgbọ̀n débi pé ìka kan tàbí méjì péré ló lè wọ abẹ́ rẹ̀.