Olórin Rọ́ọ̀kì àti Olólùfẹ́ Rẹ̀: Ta Ló Ni Orin?

Ẹ kú ìjókòó o. Mo rí i pé àwọn kan wọ ẹ̀wù dúdú tí orúkọ ẹgbẹ́ olórin wà láyà rẹ̀ wá síbí. Ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí bá wí, nítorí náà bí mo bá ṣì í sọ, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó dá mi dúró.

Àjọṣe olórin rọ́ọ̀kì àti àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni igbe, ẹkún, àwọn tó ń dákú níwájú pèpéle, àwọn tó fi orúkọ olórin fín ara. Gbogbo ìyẹn wà, àmọ́ mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìjà wọn ni mo fẹ́ ká wò. Ohun tí èèyàn méjì bá ń jà lé lórí ló máa ń tú àṣírí ohun tó so wọ́n pọ̀, olórin rọ́ọ̀kì àti olólùfẹ́ rẹ̀ sì ti jà dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1977. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ẹgbẹ́ Queen ṣeré ní gbọ̀ngàn Bingley Hall, nílùú Stafford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ṣe tán tí wọ́n kúrò lórí pèpéle, àwọn èrò ò lọ. Wọ́n gbé You'll Never Walk Alone, orin tí àwọn alátìlẹ́yìn bọ́ọ̀lù máa ń kọ, wọ́n sì kọ ọ́ fún àwọn olórin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ. Brian May tó ń ta gìtá fún wọn ti sọ ọ́ léraléra pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ló mú òun bi ara òun pé: èrò tó há mọ́ra wọn gádígádí báyìí, kí ni wọ́n lè ṣe? Wọ́n lè fẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n lè pàtẹ́wọ́, wọ́n lè kọrin. Kí ọdún náà tó parí, We Will Rock You ti jáde. Ẹ lọ tún un gbọ́: ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ohùn èèyàn lókè rẹ̀, gìtá ò sì dé títí ó fi kù díẹ̀ kí orin parí. Inú ilé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní London tí wọ́n ti sọ di ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ń fẹsẹ̀ ki pákó, wọ́n ń gbà á sílẹ̀, wọ́n sì ń tò ó lé ara wọn títí ó fi dún bíi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi àyè olólùfẹ́ sílẹ̀ nínú orin náà kí olólùfẹ́ tó gbọ́ ọ rárá.

Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún kan náà, Pink Floyd wà ní pápá ìṣeré Olympic nílùú Montreal, ní Kánádà. Àwọn èrò ń pariwo, wọ́n ń yin báńgà, wọn ò jẹ́ kí orin tó rọlẹ̀ ráyè. Inú bí Roger Waters, ọ̀kan nínú àwọn olórin náà. Ó tutọ́ sí ọ̀dọ́ kan tó wà níwájú lára. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní ẹ̀rù ara òun ba òun. Èrò tó ti ibẹ̀ wá ni pé kí òun mọ ògiri sáàárín òun àti àwọn èrò. Ìyẹn di àwo The Wall (Ògiri) lọ́dún 1979, nígbà tí wọ́n sì gbé e lọ sórí pèpéle, wọ́n ń to bíríkì páálí léra wọn bí orin ti ń lọ títí ẹnikẹ́ni ò fi rí wọn mọ́. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn olólùfẹ́ sanwó wá wo ògiri tí wọ́n mọ láti fi dènà wọn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ariwo èrò ni olórin méjèèjì gbọ́. Ọ̀kan ní wọ́n ń bá òun kọrin, èkejì ní wọ́n ń ba orin òun jẹ́.

Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: ẹni tí orin bá ti wọ̀ lára tán gbà pé òun ní ìpín nínú rẹ̀. Lójú òfin, kò ní ìpín kankan. Òfin mọ ẹni tó kọ orin, ó mọ ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo jáde, ó mọ ẹni tó ni gbọ̀ngàn. Kò mọ ẹni tó ti fi ogún ọdún gbọ́ ọ, tó fi í la ikú ìyá rẹ̀ já, tó mọ ibi tí ọwọ́ onílù ti máa ń falẹ̀ díẹ̀ nínú ẹsẹ kejì. Àmọ́ ẹni yẹn mọ ara rẹ̀. Bí olórin bá gbà pé ó ní ìpín, tó sì wá iṣẹ́ fún un ṣe, ó ṣòro kó lọ. Bí olórin bá sọ fún un pé kò ní nǹkan kan níbẹ̀, ogun dé nìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú yín á ti máa retí kí n dárúkọ Donald Horton àti R. Richard Wohl. Lọ́dún 1956 ni àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjèèjì kọ̀wé nípa ojúlùmọ̀ tó ń wà láàárín ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n àti ẹni tó ń hàn nínú rẹ̀. Wọ́n ní ojúlùmọ̀ apá kan ni: èmi mọ̀ ọ́, ìwọ ò mọ̀ mí. Mo gbà fún wọn dé ibi tí tẹlifíṣọ̀n mọ. Ní gbọ̀ngàn rọ́ọ̀kì, olórin ń gbọ́ ẹ. Kò mọ orúkọ ẹ, àmọ́ bí ẹ bá dákẹ́, ó mọ̀. Bí ẹ bá sì ń kọ ọ́ dáadáa, ó lè gbé ẹnu kúrò lára gbohùngbohùn kó ní kẹ́ ẹ parí ẹsẹ náà fún òun. Horton àti Wohl ò sì ka ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ kún. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé olórin làwọn wá wò, ara wọn ni wọ́n wá rí.

Ẹgbẹ́ tí èyí yé jù lójú tèmi ni Grateful Dead. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní California lọ́dún 1965. Lọ́dún 1971, wọ́n tẹ ìkéde kékeré kan sínú páálí àwo wọn, pé kí àwọn tó fẹ́ràn àwọn fi orúkọ àti àdírẹ́sì ránṣẹ́ kí àwọn lè máa fi ọ̀rọ̀ tó wọn létí. Lẹ́tà ya wọlé. Àwọn èèyàn ń tẹ̀lé wọn láti ìlú dé ìlú, kì í sì í ṣe wèrè, nítorí pé ẹgbẹ́ náà kì í to orin bákan náà lálẹ́ méjì, orin tó gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ lónìí sì lè gba ogún lọ́la. Ó lé ní 2,300 ìgbà tí wọ́n ṣeré láàárín ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó gbọ́ tàná kò tíì gbọ́ tòní.

Bí tòní ò bá sì ní padà wá mọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wọlé lábẹ́ aṣọ. Ẹgbẹ́ náà mọ̀, wọ́n gbójú kúrò. Nígbà tó yá, ọ̀pá gbohùngbohùn wọn pọ̀ débi pé ó ń dí ojú àwọn tó wà lẹ́yìn, ó sì ń dí ẹni tó ń darí ohùn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ mìíràn ì bá ránṣẹ́ pe ẹ̀ṣọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1984, ní Berkeley, Grateful Dead ya àyè sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn tábìlì ohùn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń darí ohùn, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn. Òfin tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ta ohun tó bá gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wò. Ti ìṣẹ́jú 90 ni. Lára bébà inú ilé rẹ̀, ẹni tó dà á kọ ti fi bíírò kọ ọjọ́, ìlú, gbọ̀ngàn àti orin gbogbo bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí èèrà. Níbi tí orin kan bá ti ṣàn wọ inú òmíràn láìdúró, ó fa ọfà kékeré sí i. Bí o kò bá ní nǹkan tí wàá fi ṣe pàṣípààrọ̀, wàá fi kásẹ́ẹ̀tì òfìfo àti owó sítáǹbù ránṣẹ́ sí ẹni tí o kò rí rí, á dà á kọ, á dá a padà sí ẹ. Bí wọ́n bá ṣe ń dà á kọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ariwo ṣìì-ṣìì inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè pé: ìran kelòó ni èyí? Ẹni tí ìran kìíní wà lọ́wọ́ rẹ̀ níyì láàárín wọn, kò sì gbowó lórí ẹ̀.

Eré tí Grateful Dead ṣe ní Cornell University ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 1977 (1977 náà ni, ẹ kíyè sí i) rìn káàkiri báyìí. Library of Congress ní Amẹ́ríkà fi í sínú àkójọ ọdún 2011, ìyẹn àwọn ohùn tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ọdún 2017 ni ó tó jáde fún títà, ogójì ọdún gbáko. Àwọn tó ti ní in nílé tipẹ́ tún rà á.

Ẹ fi ìyẹn wé Metallica. Kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ ló gbé àwọn náà dìde. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1982, kí wọ́n tó ní àwo kankan, ọwọ́ àwọn olólùfẹ́ ló gbé e kiri. Lọ́dún 2000, wọ́n pe Napster, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn fi ń pín orin fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́jọ́, onílù wọn, Lars Ulrich, sì kó orúkọ àwọn tó ń lò ó, tó lé ní 300,000, lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n lé wọn jáde. Òfin wà lẹ́yìn Metallica, mo sì gbà pé ó yẹ kí olórin jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀sùn tí olórin rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé lọ kì í tètè gbàgbé.

Kì í ṣe wàhálà nìkan ni owó ń fà, ó ń tún nǹkan ṣe nígbà mìíràn. Lọ́dún 1997, ẹgbẹ́ Marillion láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé apá àwọn ò ká ìnáwó ìrìnàjò eré sí Amẹ́ríkà. Àwọn olólùfẹ́ wọn níbẹ̀ dá nǹkan bí 60,000 dọ́là jọ láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ náà bẹ̀ wọ́n. Marillion lọ. Fún àwo wọn ti ọdún 2001, àwọn èèyàn tó lé ní 12,000 san owó rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbohùn sílẹ̀. Ọdún 2009 ni Kickstarter, ìkànnì tí èèyàn fi ń dá owó iṣẹ́ jọ lọ́wọ́ àwọn èrò, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ní ti Bruce Springsteen, olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń kọ orúkọ orin tí wọ́n ń fẹ́ sára páálí, á na ọwọ́ gbà á, á fi han àwọn tó ń bá a ṣeré, wọ́n á sì kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìpín tí mò ń sọ nìyẹn. Lọ́dún 2022, tíkẹ́ẹ̀tì ìrìnàjò rẹ̀ bọ́ sọ́jà, ẹ̀rọ ló sì ń gbé owó àwọn kan sókè bí èrò ṣe ń pọ̀. Àwọn kan bá a ní nǹkan bí 5,000 dọ́là. Backstreets, ìwé ìròyìn tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1980, kógbá wọlé lọ́dún 2023 nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ọjà ń wo bí èèyàn ṣe lè san tó. Olólùfẹ́ ń retí kí wọ́n wo bí òun ti pẹ́ tó. Ó yé ẹgbẹ́ Pearl Jam: nínú ẹgbẹ́ olólùfẹ́ wọn, Ten Club, bí èèyàn bá ṣe ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ tó ni wọ́n fi máa ń pín ìjókòó iwájú.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé olólùfẹ́ ló máa ń jàre. Ní Manchester, ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1966, ẹnì kan pariwo "Júdásì!" mọ́ Bob Dylan nítorí pé ó gbé gìtá oníná dípò gìtá lásán tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá pe èèyàn ní Júdásì ti ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó jọ jẹun. Dylan fèsì pé òun ò gbà á gbọ́, wọ́n sì ta orin tó kàn sókè bí wọ́n ṣe lè ta á sókè tó. Ó jàre. Ìpín kì í ṣe àṣẹ. Ní ti ẹni tó gba àmì ọwọ́ lára àwo lọ́wọ́ John Lennon ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1980, tó padà yìnbọn pa á lálẹ́, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, mi ò sì kà á mọ́ àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, ọmọbìnrin kan láàárín àwọn olùgbọ́ bi mí pé: bí olórin bá kú ńkọ́, ta ni ìpín náà bọ́ sí lọ́wọ́? Mo ní wọ́n ti jà lórí ìyẹn náà. Jerry Garcia, tó ń kọrin tó sì ń ta gìtá fún Grateful Dead, kú ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1995, wọ́n sì pa orúkọ ẹgbẹ́ náà tì. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Internet Archive, ìkànnì tó ń tọ́jú ohun àtijọ́, gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, àwọn èèyàn sì ń wà wọ́n, ìyẹn ni pé wọ́n ń gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà tiwọn, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ẹgbẹ́ náà ní kí wọ́n dá a dúró. Àwọn olólùfẹ́ fàbínú yọ, wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú. Phil Lesh, tó ń ta gìtá báàsì fún wọn, ní òun ò tiẹ̀ gbọ́ sí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n pín in sí méjì: èyí tí wọ́n fà láti inú tábìlì ohùn ẹgbẹ́ náà, èèyàn lè gbọ́ ọ níbẹ̀ àmọ́ kò lè wà á, èyí tí àwọn olólùfẹ́ fi gbohùngbohùn tiwọn gbà láàárín èrò, ẹni tó bá fẹ́ lè máa gbé e lọ.