Petersburg tó fi tíráàmù sórí odò

Ẹ̀yin tí ẹ wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin tí ò ráàyè wá, ohun tí mo sọ nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tíráàmù ni, ìyẹn ọkọ̀ èrò tó ń rìn lórí irin lójú títì ìlú, ní Rọ́ṣíà láyé àwọn ọba Tsar. Ẹṣin ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ yìí. Lọ́dún 1863 wọ́n tẹ́ irin sójú títì Nevsky ní St Petersburg, ẹṣin wá ń fa ọkọ̀ lórí ẹ̀, konka ni wọ́n ń pè é, Moscow náà ní tiẹ̀ lọ́dún 1872. Ṣé ẹ rí i, táyà ọkọ̀ tó bá wà lórí irin máa ń yí wẹ́rẹ́ ju tórí títì olókùúta lọ, ìdí nìyẹn tí ẹṣin méjì péré fi lè fa èrò rẹpẹtẹ. Òmíràn ní àjà òkè tí kò lórùlé, òjò àti yìnyín ń pa yín níbẹ̀, owó ẹ̀ kéré sí ti ìsàlẹ̀, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún wọn ò jẹ́ kí obìnrin gòkè. Tí wọ́n bá dé ibi tó ga, wọ́n á so ẹṣin kún ẹṣin, ọmọdékùnrin kan á gun ẹṣin iwájú, tí wọ́n bá ti dókè á tú wọn, á padà wálẹ̀ lọ dúró de ọkọ̀ tó kàn.

Ibi tó ká mi lára jù rèé. Lọ́dún 1880, ọ̀gá sọ́jà kan tó ń jẹ́ Fyodor Pirotsky fi ẹ́ńjìnnì oníná sábẹ́ ọkọ̀ konka kan ní Petersburg, ó gba ojú irin yẹn gangan fi iná ránṣẹ́, ọkọ̀ sì rìn láìsí ẹṣin! Ìlú ò gbà á. Ọdún kejì ni Siemens, kọ́ńpìnnì iná mànàmáná ní Jámánì, ṣí tiẹ̀ ní Lichterfelde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Berlin. Kyiv ní tíráàmù oníná lọ́dún 1892, Nizhny Novgorod 1896, Moscow 1899, Petersburg tó jẹ́ olú-ìlú nígbà náà ṣì ń fi ẹṣin rìn.

Àdéhùn ló fà á. Àwọn kọ́ńpìnnì konka ti bá ìlú tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn nìkan ló máa fi irin kó èrò lójú títì, wọn ò sì ṣe tán láti fi oúnjẹ sílẹ̀ fẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n odò Neva máa ń dì pa nígbà òtútù, ìwé àdéhùn ò sì dárúkọ odò. Làwọn tó fẹ́ ṣe tíráàmù oníná bá tẹ́ gẹdú àti irin sórí omi dídì lọ́dún 1895, wọ́n ri òpó wáyà mọ́ inú ẹ̀, ọkọ̀ kéékèèké wá ń gbé nǹkan bí èèyàn 20 sọdá láti etí odò lẹ́bàá ààfin ọba. Tí ooru bá ti ń dé wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ nílẹ̀, tó bá di òtútù mìíràn wọ́n á tún tẹ́ ẹ. Ọgbọ́n ńlá ni mo kà á sí, inú sì tún ń bí mi, torí ará ìlú ló san owó ìdúró yẹn.

Ọdún 1907 ni tíráàmù oníná tó bọ̀ sójú títì, Westinghouse, kọ́ńpìnnì iná mànàmáná Amẹ́ríkà, ló bá wọn ṣe é. Pirotsky ti kú látọdún 1898. Ẹṣin ò sì tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ o, 1917 tí Tsar kúrò lórí oyè ni konka tó kẹ́yìn ní Petersburg tó dúró.